Bí Mo Ṣe Gba Ohun Èlò Orin Ọdẹ Padà Lọ́wọ́ Àwọn Ará Ìlú Àìkú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣa ẹ̀wà, ẹ máa ṣà á lọ. Etí ni mo ní kí ẹ yá mi, n kò tọrọ ọwọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ bi mí ní ìbéèrè, kí ó dúró kí n mí. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ sọ pé irọ́ ni mò ń pa, kí ó kọ́kọ́ dé ibi tí mo dé, kí ó padà wálé, kí ó wá sọ ọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó tíì di ẹrù.

Èmi ni Ọdẹ́rìndé. Mo ti dàgbà lóòótọ́: ọ̀pá ti di ẹsẹ̀ mi kẹta, adìyẹ ìyàwó mi sì ti sọ orí ìbọn mi di ibùsùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara ṣì ń gbà mí, bí mo bá wọ igbó, àwọn ẹtu a máa dúró kí mi kí n tó yìnbọn.

"Wọ́n ń kí ọ pé ó dàbọ̀ ni."

Ẹ ṣé, Ìyá Fátóún. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ wọ́n, ọdún méjì ni ìyá yìí fi jù mí lọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹnu wọn kò fi ní ìlẹ̀kùn. Kò sí ìtàn tí mo sọ tí wọn kì í wá gbọ́, kò sì sí èyí tí wọ́n gbàgbọ́ rí.

Ní Ìdí-Òro ìlú wa, ẹgbẹ́ ọdẹ ní ohun èlò orin méje: agogo méjì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ méjì, àgídìgbo kan, ìwo ẹfọ̀n kan, àti fèrè ọparun kan. A kì í gbé wọn lọ síbi ìgbéyàwó, a kì í gbé wọn lọ síbi ìkómọ. Ọjọ́ tí ọdẹ bá kú ni wọ́n ń rí oòrùn, nígbà tí a bá ń ṣe ìṣípà, ètò tí àwa ọdẹ fi ń yọ ẹni wa tó kú kúrò nínú ẹgbẹ́ kí ó lè rí ọ̀nà lọ. Ọdẹ méje ni ó ń jókòó tì wọ́n, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Agogo kékeré ni tèmi.

Ògúnṣakin ni ó ń tọ́jú wọn. Ènìyàn dáadáa ni. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni Ẹlẹ́dàá ṣe lára rẹ̀: ó fún un ní etí tí ebi kì í tán nínú rẹ̀. Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, àlejò kan wọ ilé rẹ̀. Sányán ni ó wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kan erùpẹ̀. Ògúnṣakin rí i pé kò kan erùpẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Ta ni yóò dá ẹni tó ń yìn ín dúró nítorí ọ̀ràn ẹsẹ̀ lásán?

Àlejò ní, "Ṣé ẹ̀yin ni bàbá tí a ń gbọ́ òkìkí wọn, pé kò sí olùtọ́jú bíi tiwọn?"

"Òkìkí mi ti dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Ó ti dé, ó ti kọ́lé, ó ti bímọ. Wọ́n ní bí ẹ bá nu agogo, ènìyàn a máa wo ojú rẹ̀ nínú rẹ̀ fá irùngbọ̀n."

Ògúnṣakin kó méjèèje síta kí àlejò lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àlejò tún ní bí bàbá bá lè di ojú kí wọ́n fara balẹ̀, wọn yóò gbọ́ bí àwọn ará ìlú òun ṣe ń kì wọ́n láti òkèèrè. Ògúnṣakin di ojú. Títí ó fi kú ni ó ń búra pé òun gbọ́ ọ, pé ó tilẹ̀ dùn. Nígbà tí ó lajú, òórùn káńfọ̀ nìkan ni ó kù nílẹ̀.

A bá a wí, a mu ẹmu lé e lórí, a ní a ó wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ mọ bí àgbààgbà ṣe ń wá nǹkan ṣe. A ṣì wà lórí ẹmu náà tí oká fi bu Akínlàjà ṣán ní ìdí ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ kò sì ṣú kí ó tó dákẹ́.

Akínlàjà ni ó ń fọn fèrè. Òun náà ni ọkọ Awẹ̀ní, àbúrò mi obìnrin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀ràn Awẹ̀ní ṣe rí, nítorí òun ni ó gbé mi dìde. Ní ìlú wa nígbà náà, opó ọdẹ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà títí a ó fi ṣe ìṣípà ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá ṣe é, àwọn ọkùnrin ilé ọkọ tí wọ́n fẹ́ ṣú u lópó yóò to pákò sórí ẹní, ọ̀kọ̀ọ̀kan pákò kan. Opó yóò jáde, yóò mú pákò kan, ọ̀rọ̀ sì parí. Ṣùgbọ́n bí iṣu tuntun bá dé tí ìṣípà kò tíì wáyé, kò sí pákò mọ́. Olórí ilé ni ó ni ín, bó fẹ́, bó kọ̀. Olórí ilé Akínlàjà ni Látúnjí, bàbá oníkùn àgbá kan tí ó ní ìyàwó mẹ́rin, tí ó sì máa ń gbé ojú sókè bí ó bá ń sọ̀rọ̀ kí a lè rí i láti ẹ̀gbẹ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣu ránṣẹ́ sí Awẹ̀ní lójoojúmọ́, ó ń bọ́ ọ bí ẹni ń bọ́ àgbò iléyá.

Aláró ni Awẹ̀ní. Ìkòkò aró mẹ́sàn-án ni ó wà ní ẹ̀yìnkùlé tí kò sí ẹni tó ń bójú tó wọn, ó sì ń gbọ́ òórùn wọn láti inú yàrá bí wọ́n ṣe ń kú lọ níkọ̀ọ̀kan. Mo lọ kí i lẹ́bàá fèrèsé. Mo ní kí ó ní sùúrù, pé àwọn àgbààgbà ń wá nǹkan ṣe.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ẹ ń wá?"

Mo ní, "Awẹ̀ní, ọ̀ràn náà ní ọwọ́ àwọn iwin nínú."

Ó ní, "Ẹnu yẹn tí ẹ fi ń pa erin láàárín ọjà, ẹ kò kúkú lè gbé e wọ inú igbó? Tàbí ibẹ̀ kò sí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́?"

Mo lọ sílé, mo mú ìbọn, mo mú àpò, mo bu gààrí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìgboyà ni ó ń gbé akọni dìde. Àbúrò obìnrin ni.

Mo wọ igbó títí igbó fi gbàgbé pé òun ní ẹ̀gbẹ́. Níbi tí ọ̀nà ti fún, iwin kan dúró, ó ga bí igi àràbà, kò ní ojú lórí rárá. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà, ẹyọ kan, ràgàjì bí ìdí agbada. Ó na ọwọ́ sí mi, ojú náà sì wò mí láti irun dé èékánná.

Ó ní, "Ọdẹ ni ọ́?"

Mo ní, "Bí wọ́n bá ń ka ọdẹ, èmi ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀."

"Ó dáa. Sọ fún mi: kí ni ó máa ń dé ilé ọdẹ ṣáájú ẹran tí ó pa?"

Mo fi ẹ̀yìn ti igi kan, mo ń rò ó. Mo ní ajá ni. Ó ní rárá. Mo ní òórùn ìbọn. Ó ní rárá, ó ní ẹnu kan ni ó kù fún mi. Mo wo ojú àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Ó ń wò mí bí ìyá àgbà ti ń wo ọmọ tí ó ti lá epo tán tí ó ń nu ẹnu. Ìgbà náà ni ó yé mi.

Mo ní, "Irọ́ ni."

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí ewé fi wọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ márùn-ún ni wọ́n ti gba ibí yìí, kò sí èyí tó sọ ọ́. Wọ́n ní ìlù, wọ́n ní ìyìn, wọ́n ní ayọ̀."

"Níbo ni wọ́n wà?"

"O fi ẹ̀yìn ti ọ̀kan nínú wọn."

Mo rọra gbé ẹ̀yìn mi kúrò. Mo bẹ igi náà, mo sì kọjá.

"Ẹ̀rù bà ọ́, Ọdẹ́rìndé."

Ìyá Fátóún, ẹ̀rù kọ́. Òtútù ni. Ẹ̀rù wà nínú òtútù náà díẹ̀.

Lẹ́yìn igbó yẹn ni mo dé odò kan tí kò ju kókósẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Èmi Ọdẹ́rìndé tí mo fi ẹsẹ̀ la ibú já!" Omi dé orúnkún mi. Mo ní odò ò mọ ẹni tí ó ń bá ṣeré, pé èmi ni mo pa ẹkùn Òkè-Ọ̀fà. Omi dé ìbàdí. Mo ní n kò bẹ̀rù omi rí láyé mi. Omi gba àyà, ó gba ọrùn, ó ń wo ihò imú mi. Nígbà náà ni òye yé mi pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni odò náà ń mu tí ó fi ń kún.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù. Mo gbé àgbọ̀n sókè, mo ní, "Ẹkùn Òkè-Ọ̀fà ti kú kí n tó débẹ̀." Omi fà sí àyà. Mo ní, "Ìyàwó mi ni ó pa ejò tí mo gbé káàkiri ìlú." Omi fà sí ìbàdí. Mo ní ní ọdún tí mo sọ pé mo bá iwin jà ní Igbó Àkókó, inú ahéré ni mo sùn, ibà ń ṣe mí. Omi fà sí orúnkún. Ó ku díẹ̀ kí n bọ́ sí èbúté.

Mo sọ èyí tó kù. N kò ní tún un sọ níhìn-ín. Ó tó kí ẹ mọ̀ pé mo rékọjá, ẹsẹ̀ mi sì gbẹ.

Ìyá Fátóún, ẹ yé rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe gun òkè odò náà ni mo ti ń gbọ́ agogo wa láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń dún, bí ẹni pé ewúrẹ́ wọ ilé alágbẹ̀dẹ ni. Mo tẹ̀lé ariwo náà títí mo fi dé Ìlú Àìkú. Àwọn ará ibẹ̀ kì í kú. Wọn kì í ṣàìsàn, wọn kì í darúgbó, eyín wọn pé, aṣọ wọn kò gbó rí. Nítorí pé wọn kò ní ohun mìíràn tí wọn yóò fi àkókò wọn ṣe, ìyìn ni wọ́n ń jẹ, ìyìn ni wọ́n ń mu. Ní ẹnu ibodè, ọkùnrin kan jókòó tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó yin ẹni tó ń wọlé lọ. Ó yin fìlà mi. N kò dé fìlà.

Ní ọ̀sán, ọba wọn jáde. Àrà-Ò-Lẹ́gbẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ìjòyè mẹ́fà tẹ̀lé e, wọ́n kó ohun èlò wa dání. Fèrè Akínlàjà ni ó wà lọ́rùn ọba, ó ti fi wúrà yí i po bí ẹni fi aṣọ ìyàwó wọ akèrègbè. Ìjòyè tí ó gbé agogo mi ni ọkùnrin aláṣọ sányán yẹn, ẹni tí ó wá jí wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n lù, wọ́n fọn.

Ẹ̀yin ará, mo ti gbọ́ kí ìkookò máa jà sórí òkú ẹran. Mo ti gbọ́ kí òrùlé páànù ká lọ nínú ìjì. Ìyẹn ní orin nínú. Oníkálukú wọn ń lù kí a lè gbọ́ tirẹ̀ ju ti ẹnìkejì lọ. Ọba sì ń fọn fèrè bí ẹni tí iná wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀ tí ó fẹ́ fẹ́ ẹ pa. Nígbà tí wọ́n parí, ìlú pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ àwọn kan fi bó.

Ọba rí mi. Ó ní, "Àlejò, o gbọ́ wa. Sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Mo gbọ́, Kábíyèsí. Ó burú."

Bí ẹyẹ bá su ní ìlú yẹn ní àkókò náà, a ó gbọ́ bí ó ṣe balẹ̀. Aláṣọ sányán sáré dìde, ó ní, "Kábíyèsí, ní èdè tiwọn, ohun tí ó ń sọ ni pé—"

Mo ní, "Ní èdè tiwa, ó burú. Ní èdè tiyín náà, ó burú. Ohun èlò wa ni, agogo kékeré yẹn sì ni tèmi; ẹ jí wọn gbé, ẹ kò sì mọ̀ ọ́n lò. Mo wá kó wọn lọ sílé."

Ọba ní, "O mọ̀ pé a lè fi ọ́ ṣe ìtì igi tí à ń tẹ̀ gun àkàbà?"

"Mo mọ̀, Kábíyèsí. Ẹ kọ́kọ́ fi mí ṣe é, kí ẹ tún wá jókòó sídìí fèrè lọ́la. Yóò burú lọ́la náà."

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́: kì í ṣe pé n kò bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́wọ́ gbogbo irọ́ mi fún odò, kò sí ìkankan tí ó kù lápò tí mo lè fi ra ara mi.

Ọba tẹjú mọ́ mi. N kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ fún un rí pé nǹkan burú. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí ó jẹ ata fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Kí ni ó burú nínú rẹ̀?"

Mo ní, "Méje ni yín, ẹ̀yin méjèèje sì ń lù. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orin òkú ni orin yìí. Bí ọdẹ méje bá wà nídìí rẹ̀ tí ọ̀kan kú, a ó tẹ́ ẹní sí àyè rẹ̀, a ó tẹ́ ohun èlò rẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Àwa mẹ́fà yóò lù, a ó sì fi ibi tirẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí ó yẹ kí ó wọlé, a ó dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni àwọn ènìyàn ń wá gbọ́. Bí kò bá sí nínú rẹ̀, irin àti igi ni ẹ ń lù."

Ọba ní, "Ìyẹn kò le. Ẹnìkan yóò dákẹ́ láàárín wa." Ó yí sí ìjòyè tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. "Ọ̀tún, ìwọ dákẹ́."

Ọ̀tún ní, "Èmi kẹ̀? Nítorí kí ni? Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mi ni wọ́n ń wá gbọ́. Ẹ ní kí Òsì dákẹ́, ta ni ó mọ̀ bí ó bá ń lù?"

Òsì ní kí Ọ̀tún tún ìyẹn sọ. Ọ̀tún tún un sọ. Àwọn méjèèjì dìde, fìlà bọ́, ìlẹ̀kẹ̀ já, aláṣọ sányán sì ń yin àwọn méjèèjì papọ̀ kí ó má baà pàdánù ọ̀rẹ́ kankan.

Ọba gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ó ti yé mi. Òkú ni kò sí láàárín wa. Ẹ pa ọdẹ yìí, kí a tẹ́ agogo rẹ̀ sórí ẹní."

Ọ̀kọ̀ ti wà ní ihà mi kí n tó gbé itọ́ mì. Ṣùgbọ́n inú ti bí mi kọjá ibi tí ẹ̀rù ń gbé.

Mo ní, "Ẹ pa mí. Ẹ ó rí òkú ọdẹ, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ìdákẹ́. Àyè tí ẹnìkan kò jókòó sí kò ṣòro; inú ilé yín kún fún un. Àyè tí ojú ń wá ẹni tí ó jókòó sí i ni mò ń sọ. Ta ni nínú yín tí ojú rẹ̀ yóò wá mi? Ẹ kò tilẹ̀ bi mí ní orúkọ mi."

Ẹni tó mú ọ̀kọ̀ wo ọba. Ọba wo ilẹ̀. Ó yí sí àwọn ìjòyè rẹ̀, ó ní, "Bí èmi bá kú ńkọ́?"

Gbogbo wọn ní, "Ikú kò lè pa Kábíyèsí."

"Mo ní bí mo bá kú. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la tí n kò sí."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wo ẹ̀wù wọn. Nígbà náà ni Ọ̀tún rọra béèrè pé, "Kábíyèsí, àforíjì o. Ta ni yóò wá gba fèrè?"

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti rí ẹfọ̀n tí ọta bà lọ́kàn. Kì í ṣubú lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ dúró, á máa wò bí ẹni tí ó gbàgbé ohun tí ó wá ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ọba náà dúró. Lẹ́yìn náà ó bọ́ fèrè kúrò lọ́rùn, ó tú wúrà ara rẹ̀ dànù, ó sì nà án sí mi.

Ó ní, "Kó wọn lọ."

Mo kó wọn. Aláṣọ sányán kò fẹ́ fi agogo mi sílẹ̀, mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìka rẹ̀ kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a bọ̀. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà àfin nígbà tí ọba pè mí.

Ó ní, "Àná ńkọ́? Ó ṣe mí bí ẹni pé ó dára díẹ̀ lánàá."

Mo ní, "N kò sí níbí lánàá, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ láti odò. Ó burú."

Àwọn ìjòyè kò lè fi ipá gba ohun tí ọba wọn ti fi sílẹ̀, nítorí náà wọ́n rán aláṣọ sányán tẹ̀ lé mi. Kò mú idà lọ́wọ́. Ó ń rìn lẹ́yìn mi, ó sì ń kì mí. Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni ìjà wà. Ó mọ orúkọ bàbá mi. Ó mọ orúkọ ẹran tí mo pa ní tòótọ́, kò sì fi irọ́ kan kún un. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tí mo ti ń fẹ́ kí ẹnìkan fi sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti ń ṣọdẹ. Ó ní, "Ọdẹ́rìndé tí ó pe ọba ní aláìmọ̀ọ́lù lójú ìlú, ta ni ó tó bẹ́ẹ̀? Yí ojú sí mi kí n rí ọ, kí n lè sọ bí o ṣe rí fún àwọn ará ayé." Ọrùn mi ti ń yí. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, ọrùn tiyín náà ìbá yí. Mo mọ̀ pé bí mo bá wo ẹ̀yìn, n ó jókòó, bí mo bá jókòó, n ó di ojú, òórùn káńfọ̀ ni yóò sì kù fún Awẹ̀ní.

Mo fi ìwo ẹfọ̀n sẹ́nu, mo sì ń fọn ọ́n lọ. N kò mọ̀ ọ́n fọn. Ó dún bí màlúù tí ìrora ìbímọ mú. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ mọ́, nígbà tí ètè mi sì wú tán, mo wo ẹsẹ̀ mi, mo rí i pé mo ti kọjá odò, ohùn rẹ̀ kò sì tẹ̀ lé mi mọ́.

Mo wọ Ìdí-Òro ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gé iṣu tuntun. Látúnjí ti pọ́n ọ̀bẹ. Ó ti ra ẹní tuntun, ó ti fá orí, ó fi òrí para, ó ń dán bí ọ̀pọ̀lọ́ tó jáde nínú òjò. Nígbà tí ó rí ẹrù orí mi, ó ní, "Ọdẹ́rìndé, ẹ kú ìrìn o. Ẹ lọ sinmi. Ẹ jẹ́ kí a gé iṣu ná, ẹ̀yìn ọ̀la la ó ṣe ìṣípà."

Mo ní, "Bàbá Látúnjí, ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀."

Ó ní ìlú ni ó ni iṣu. Ògúnṣakin tí ojú ń tì láti ọjọ́ yìí wá dìde, ó lọ jókòó sórí iṣu náà, ó ní ẹni tó bá fẹ́ gé e kí ó wá gé òun mọ́ ọn. Mo dárí jì í ní ojú ẹsẹ̀. Ara rẹ̀ sì tó iṣu bò.

A ṣe ìṣípà. A tẹ́ ẹní, a tẹ́ fèrè lé e. Àwa mẹ́fà jókòó, ìwo dún, àgídìgbo gbè é, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé, agogo tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé ibi tí Akínlàjà máa ń gbé e, a dákẹ́. Gbogbo ìlú gbọ́ ọ. Ìyá Fátóún tí ó jókòó yìí sunkún lọ́jọ́ náà.

"Eruku ni."

Eruku ni, ìyá mi.

Nígbà tí a parí, àwọn ọkùnrin ilé Akínlàjà to pákò wọn. Márùn-ún ni. Mẹ́rin jẹ́ pákò lásán bí pákò ṣe yẹ kí ó rí. Ti Látúnjí gùn bí ọ̀pá àṣẹ, ó ti gbẹ́ àmì sí ìdí rẹ̀, ó fi òwú pupa so ó lọ́rùn, ó sì gbé e sí àárín kí ojú má baà ṣì í.

Awẹ̀ní jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ojú rẹ̀ nínú oòrùn láti oṣù mẹ́ta. Ó dúró níwájú pákò márààrún, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára rárá. Látúnjí gbé àgbọ̀n sókè kí a rí i láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà náà ni àbúrò mi na ọwọ́ sí ìdí ìró ara rẹ̀, ó tú kókó kan, ó sì yọ pákò tirẹ̀ síta, èyí tí ó ti ń fi fọ eyín nínú yàrá fún oṣù mẹ́ta, tí ó ti rún ní orí. Ó fi í sẹ́nu. Ó fọ eyín òkè, ó fọ eyín ìsàlẹ̀. Ó tutọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí a kọ́ nílé.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ṣé. Eyín mi ti mọ́."

Ó gba àárín wọn kọjá, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, a sì gbọ́ tí ó ń ṣí ìdérí ìkòkò aró.

Látúnjí yí sí baba ọdẹ, ẹni tó dàgbà jù láàárín wa. Ó ní, "Kí ni àṣà sọ nípa èyí?"

Baba ọdẹ wo pákò márùn-ún tó kù lórí ẹní. Ó ní, "Àṣà ní kí opó mú pákò. N kò rántí pé ó sọ pákò ta ni."